Ìdí Tí Bàbá Rẹ Fi Ṣí Géètì

Ilé Gómìnà,
Lórí Òkè.
Ọjọ́rú, òjò ṣì ń rọ̀.

Siddharam ọmọ mi, ọkọ Shantala,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí a ò tíì rí. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ṣé ẹsẹ̀ Shantala tó ń wú ti ń rọlẹ̀? Kó máa gbé e lé ìrọ̀rí nígbà tó bá jókòó, kó má sì gba àgbo oríṣiríṣi lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò. Ara tèmi le, àfi orúnkún mi tí òtútù ibí ń bá jà. Ara bàbá rẹ náà le. Ọkàn rẹ̀ ni n kò lè sọ.

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, ìwé ìròyìn á ti sọ tirẹ̀, rédíò á ti sọ tirẹ̀, àwọn tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kadakola á sì ti fi iyọ̀ àti ata sí i. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí tẹlifóònù. Tẹlifóònù ilé yìí ní etí púpọ̀, ẹnu mi náà kò sì gbà á. Jọ̀wọ́, kà á dé ìparí kó o tó bínú. Bó bá sì jẹ́ pé o ti bínú tẹ́lẹ̀, kà á bẹ́ẹ̀ náà.

Òótọ́ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, àyè láti díje lórúkọ ẹgbẹ́, wà lórí ìwọ̀n nígbà tí bàbá rẹ ṣe ohun tó ṣe. Òótọ́ ni pé ó mọ̀. Kò ṣèèṣì, wọn ò sì tàn án. Inú yàrá kan náà la jọ wà.

Ìgbà kan ṣoṣo lo wá kí wa níbí, ìmúra àlejò ni gbogbo wa sì wà nígbà náà, o ò rí bí a ṣe ń gbé ní ti gidi. Láàárọ̀, kí ìkùukùu tó ká kúrò lórí àwọn igi páìnì, bàbá rẹ á ti wẹ̀, á ti ró aṣọ funfun rẹ̀, á ti ju aṣọ òtútù lé e, á ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. O mọ ohun tó ń wá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń jí bá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí kànga rẹ̀ gbẹ, ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ ṣe tíṣà ní ìlú tí bọ́ọ̀sì kò dé, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé. Níbí, sójà méjì ló ń bá. Wọ́n á fi bàtà gbá ilẹ̀, wọ́n á kí i. Á kí wọn padà. Á wo géètì lọ́ọ̀ọ́kán. Á wá ní, "Kò sẹ́ni tó wá?" Wọ́n á ní, "Kò sẹ́nì kankan, Ọlọ́lá jùlọ." Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé po, Gurbaksh, ọ̀gá sójà tó ń ṣọ́ ọ, á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, títí tí koríko ẹ̀gbẹ́ ilé fi kú, tó di ojú ọ̀nà. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún Ọlọ́lá kó máa yí ọ̀nà padà díẹ̀.

Ní oṣù tí a dé, ó rí àwọn obìnrin tó ń pọn omi gun òkè. Ó dá mọ́tò dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bi wọ́n léèrè odò wọn, ó sì ṣèlérí pé ẹ̀rọ omi ń bọ̀. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba wá kí i. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí, bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló sín in jẹ fún mi:

"Ọlọ́lá jùlọ, ọ̀rọ̀ omi yẹn, ìjọba ni yóò mójú tó o."

"Èmi wá ńkọ́, kí ni mo jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni Gómìnà, sà."

"Kí ni Gómìnà ń ṣe?"

"Ẹ ń fọwọ́ sí i, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú omi yẹn wá.

Ìwọ mọ bàbá rẹ láti ìgbà tó ti di ẹni ńlá. Èmi mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bàbá tirẹ̀ ń fún òróró ẹ̀pà, màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ onígi náà po, láti kékeré sì ni Channappa bàbá rẹ ti ń rìn lẹ́yìn màlúù yẹn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ibẹ̀ ló ti kó àrùn àìlèjókòó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, a ò tíì jẹun tán tí ẹnì kan fi wá sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ti ń gbé ọkọ́ síra wọn lórí kànga. Ọkọ ìyàwó dìde. Mo jókòó láàárín àwọn ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, n kò mọ ẹni kan nínú wọn, ìyá mi sì ń wò mí bí ẹni tó ta ọmọ rẹ̀ sí oko ẹrú. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ ti kún aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Má bínú, Nagaveni. Wọ́n ti gbà láti máa fa omi, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì nírọ̀lẹ́." Ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ mi bá mi sọ nìyẹn.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú un sí ìgbìmọ̀ abúlé nítorí pé òun ló mọ ilé gbogbo ènìyàn. Nígbà tó kọ́kọ́ díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó fìdí rẹmi gan-an. Kẹ̀kẹ́ ló gùn kiri, ẹni tó borí rẹ̀ gun ọkọ̀ jíìpù. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì, ó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò fún un. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wọlé. Adágún omi tí o kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ọdún yẹn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Gbogbo èyí o ti gbọ́, wọ́n máa ń fi í kọrin nígbà ìbò.

Èyí tí o ò gbọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí. O kéré nígbà náà, a sọ fún ọ pé bàbá rẹ rìnrìn àjò.

Ní ọdún yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó ní ìdajì ilé ìgbìmọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Rudragouda, àgbàlagbà olóṣèlú tó máa ń fi ọ̀pá rìn, ló kó èèyàn jọ ju gbogbo wọn lọ. Òun ló yẹ kí Gómìnà ìgbà náà pè kó dá ìjọba sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa kò tó. Ni wọ́n bá kó gbogbo àwọn aṣòfin wa lọ sí ilé ìtura kan létí òkun, wọ́n tì wọ́n mọ́bẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fà wọ́n lọ. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń fi fíìmù hàn wọ́n, wọ́n fi géńdé sẹ́nu ọ̀nà. O mọ̀ pé bàbá rẹ ò lè gba irú ìyẹn. Ó fo ògiri. Etíkun ni wọ́n ti bá a, tó ń bi apẹja kan léèrè ìdí tí ẹja fi wọ́n. Wọ́n kó o padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, Gómìnà ti géètì mọ́ Rudragouda. Lónìí, wọ́n á ní Ọlọ́lá ń sinmi. Lọ́la, wọ́n á ní Ọlọ́lá ń ka ìwé òfin. Bàbá náà tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú géètì, ó jókòó sínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, díẹ̀ lára àwọn èèyàn rẹ̀ ti kọjá sọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n pè. Ìjọba yẹn ni bàbá rẹ ti kọ́kọ́ di mínísítà ètò omi oko.

Siddu, ohun rere ló fi ipò yẹn ṣe. Ọ̀nà omi tó dé oko àwọn ará ìwọ̀ oòrùn, òun ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó o lọ, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti wá. N kò sọ pé ohun tí a jẹ májèlé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara Rudragouda kò yá mọ́, bàbá rẹ lọ kí i, mo tẹ̀lé e. Wọ́n fún wa ní omi wàrà tí wọ́n fi iyọ̀ àti ewé sí. Bàbá náà di ọwọ́ bàbá rẹ mú, ó ní, "Channappa, iṣẹ́ omi tí ò ń ṣe yẹn dára. Ǹ bá ti ṣe é náà." Kò bú u, kò gbé ohùn sókè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ kò fẹnu kan oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òun àti olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wa kò wọ̀ mọ́, nítorí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà fún ilé iṣẹ́. O wà níbẹ̀, o ti gbọ́n. Wọn ò lè lé e, àwọn àgbẹ̀ ì bá dìde. Ni wọ́n bá bọlá fún un. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ní Delhi fẹ́ fi í ṣe Gómìnà ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Gbogbo Kadakola jó lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé ju òdòdó. Èmi nìkan ni mo rí ojú bàbá rẹ nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé e gorí àga gíga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ilẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sí ti ìsinsìnyí.

O mọ̀ pé ìbò wáyé níbí lẹ́yìn Kérésìmesì. Kò sí ẹgbẹ́ tó ní ìdajì. Donbok Lyngwa, ẹni tí ẹgbẹ́ wa tó ń ṣèjọba ní Delhi fẹ́ràn, ní èèyàn díẹ̀. Obìnrin tó ń jẹ́ Ibanri Mawlot kó ẹgbẹ́ kéékèèké jọ, tiwọn sì lé ní ìdajì. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni Ibanri. Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, àwọn kan wà tí n kò lè fi ìkòkò iyọ̀ sí níkàáwọ́. Donbok náà kì í ṣe èṣù. Ọsàn tó ń fi ránṣẹ́ sí wa nígbà òtútù dùn ju èyí tí à ń rà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọ̀ ló pọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Delhi tó ń jẹ́ Tripurari. Kò ní ipò kankan nínú ìjọba, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́, àwọn mínísítà á bi í pé ṣé kí àwọn gbé omi wá. Òun ló pè. Bàbá rẹ gbé tẹlifóònù náà jìnnà sí etí nítorí ohùn ọkùnrin náà pariwo, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo ti ń hun aṣọ òtútù ọmọ yín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òtútù o."

"A dúpẹ́. Ó ti mọ́ wa lára."

"Ẹ má kánjú pe ẹnikẹ́ni o. Àwọn aláìdúróṣinṣin ló wà lẹ́yìn obìnrin yẹn, wọn ò ní pẹ́ yà síbòmíràn. Ẹ fún Donbok láyè díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe tó?"

"Áà, ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi. Ṣé a ti gbàgbé ilé ìtura etí òkun ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá ní, "Ọmọ yín náà ń gbìyànjú o. Siddharam. Mo rí orúkọ rẹ̀ lórí tábìlì mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin dáadáa. Ó ku kí a fọwọ́ sí i. Ẹ kí ìyàwó fún mi."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Kò halẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì mọ̀ pé a mọ iye tó wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìrìn bàbá rẹ wọ inú ilé. Ó ń rìn láti yàrá ńlá dé yàrá oúnjẹ, ó ń kan àga, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń tì í. Á gbé ìwé òfin, á sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi náà kò lè hun aṣọ mọ́. Mo hun apá kan gùn ju èkejì lọ, mo tú u. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé n kò fẹ́ kí o rò pé kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ. Mo gbèjà rẹ. Mo dúró sáàárín ọ̀nà rẹ̀ nínú yàrá oúnjẹ, mo ní:

"Bàbá Siddu, ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ọdún méjì ló fi ń rin abúlé, ó ti rù, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ẹ jẹ́ kí Donbok ṣe é. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan? Ẹ gbàgbé."

"Láti ọjọ́ tí mo ti mu omi wàrà Rudragouda ni mo ti ń gbìyànjú àtigbàgbé, Veni. Kò ṣeé ṣe."

Mo ní, "Ẹ jẹ nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ yín ló wá máa gbààwẹ̀ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó di àga mú. Ó ní, "Bí mo bá fi èyí gba tíkẹ́ẹ̀tì fún un, wọn ò ní dẹ́kun láti máa béèrè ẹ̀san rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí géètì, lọ́la ilẹ̀ àgbẹ̀. Á kan máa dìde nígbàkígbà tí wọ́n bá wúkọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti wà níbẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ yàn. Ó ní, "Bí mo bá bi í, mo ti gbé e lé e lọ́rùn nìyẹn. Tèmi ni." Inú bí mi débi pé mo sọ fún kúùkù kó má fún un ní rotti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà tí mo ṣe, kó gbé ọbẹ̀ olómi aláwọ̀ ewé wọn yẹn fún un. Ó mu ún tán. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń mu.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ńlá. Bàbá rẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ yìí, èèyàn wà lẹ́nu géètì. Ibanri àti gbogbo àwọn aṣòfin rẹ̀ ni, wọ́n dúró nínú òjò pẹ̀lú agbòjò, àwọn tí kò ní agbòjò fi báàgì borí. Gurbaksh sáré wá, ó ní Delhi ti pe ọ́fíìsì, wọ́n ní kí a sọ fún wọn pé ara Ọlọ́lá kò yá, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀.

Bàbá rẹ ní, "Ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé bí ara mi ṣe rí lójú tìẹ nìyí?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó jọ pé ara yín le, sà."

Ni bàbá rẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró gba agbòjò. Mo rí i láti ojú fèrèsé, tó ń wọ́ aṣọ funfun rẹ̀ kọjá nínú omi, tí sójà ń sáré tẹ̀lé e, mo sì rántí ẹrẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wa, inú tó ń bí mi kò sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Àwọn sójà ẹnu géètì kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Gómìnà kì í ṣílẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa irin náà. Ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, òjò yìí á pa yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀." Ó kó gbogbo wọn wọ yàrá ńlá tó ní kápẹ́ẹ̀tì pupa, omi ń kán lára wọn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó ní kí wọ́n po tíì fún wọn. Mo lọ sí ilé ìdáná fúnra mi. Ìbínú mi kì í ṣe ti àlejò.

Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, ó dìde láàárín wọn. Ó ní kí oníkálukú dìde ní ojú gbogbo ènìyàn, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti ẹni tó ń tẹ̀lé. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà kan wà nínú wọn, láti abúlé tó sún mọ́ ààlà, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Ọlọ́lá, Ibanri ni mò ń tẹ̀lé. Donbok rán èèyàn sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé wá, ó dùn, mo sì kí wọn pé ó dàbọ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ibanri bo ojú. Bàbá rẹ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu imú. Ọmọ mi, láti ìgbà tí a ti dé orí òkè yìí, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì.

Ó wo Ibanri, ó ní, "Ìyá, ẹ padà wá lọ́la, kí ẹ wá búra."

Obìnrin náà ní, "Wọ́n sọ fún wa pé ẹ ò ní rí wa."

Ó ní, "Wọ́n sọ fún èmi náà."

Ibanri búra. Ìjọba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bóyá yóò dára, bóyá kò ní dára, n kò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbúra, Tripurari pè. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọjọ́ orí yín." Bàbá rẹ ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti kọ̀wé pé mò ń lọ." Ní àná, rédíò sọ pé wọ́n ti gba ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ka orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ fẹ́ fà kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dé Kadakola, ọmọ Desai tó ń ta sìmẹ́ńtì ni wọ́n pè. Bàbá rẹ ń dé àpótí lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró títí wọ́n fi ka gbogbo ìpínlẹ̀ tán, bí ẹni pé wọ́n lè ṣe àṣìṣe kí wọ́n padà wá ṣàtúnṣe. Lẹ́yìn náà ó lọ yí ilé po.

Mo ti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí o bá bi mí pé ṣé ó ṣe é re, n kò tíì mọ̀. Láàárọ̀, mo gbà pé ó ṣe é re. Ní ọ̀sán, mo rántí bàtà rẹ tó ti jẹ tán ní ìsàlẹ̀, inú á tún bí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò tà ọ́. Ó kọ̀ láti rà ọ́ ni, wọ́n sì yàtọ̀ síra. Bí o bá ṣì fẹ́ díje, díje láìní ẹgbẹ́. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní Kadakola. Bí o bá sì fẹ́ padà sí ilé ẹjọ́ kí o máa ṣe lọ́yà rẹ, ojú kò ní tì wá. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ọ bú bàbá rẹ. Ìwọ lè bú u. Wá sílé kí o wá bú u lójú rẹ̀. Èmi yóò po tíì.

A ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà jìn. Bí o bá wà ní ibùdókọ̀, inú mi á dùn. Bí o kò bá sí níbẹ̀, a mọ ọ̀nà ilé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Shantala rí ìnira lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Kí ọmọ tó ń bọ̀ bá àlàáfíà nílé. Kí òjò rọ̀ sí oko Kadakola lásìkò, kí ọkàn ìwọ náà rọlẹ̀, kí o má ṣe ìṣe ìbínú tí ìwọ yóò máa yí po bí màlúù ẹlẹ́rọ òróró. Ẹni tó fẹ́ ọ ní ibi, kí ojú tì í. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò sì ní ẹlòmíràn,

Nagaveni.

Àfikún: Bí mo ṣe ń pa ìwé yìí dé, bàbá rẹ wọlé, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé o sọ fún un pé mo ro ti rẹ̀?" Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé tẹlifóònù, á fi ìka yí nọ́ńbà ilé yín, á gbọ́ ohùn yín, á sì gbé e kalẹ̀. Bí tẹlifóònù yín bá dún tí ẹ gbé e tí ẹ ò gbọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni. Jọ̀wọ́, má gbé tìẹ kalẹ̀. Dúró dè é díẹ̀.